Alábòójútó mi ní ìròyìn ni mo kọ. Kí ni wọ́n ń pè ní àríyànjiyàn nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Èdè Yorùbá ni mo ń kà ní yunifásítì, mo ti wà ní ọdún àṣekágbá. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí ẹkún ìyàwó ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni alábòójútó mi ti dá Orí Kìíní padà fún mi. Nígbà àkọ́kọ́, àkọtọ́ àti àmì ohùn ni wọ́n fa gègé pupa sí: mo kọ "aiye" àti "yio" bí ìyá mi ṣe máa ń kọ ọ́. Ìyẹn kò dùn mí. Mo jókòó tì í, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Nígbà kejì, wọ́n ní ìtọ́ka kò tó, mo fi kún un. Nígbà kẹta, wọn ò fa gègé kankan. Gbólóhùn méjì péré ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn: "Ìròyìn ni èyí. Àríyànjiyàn rẹ dà?"

Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá jiyàn. Màmá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì ni wọ́n sun ẹkún náà fún mi lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ẹkún mẹ́sàn-án. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dákẹ́ lójijì lágbedeméjì ọ̀kan, omijé gidi ń bọ́ lójú wọn, torí wọ́n rántí ìyá wọn. Ta ni kí n wá bá jiyàn nínú ìyẹn?

Bí Ìfáàrà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé:

"Ẹkún ìyàwó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ewì alohùn Yorùbá. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ ló máa ń sun ún. Ìdúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, àdúrà àti ìmọ̀ràn ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹkún ìyàwó ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú àṣà ìgbéyàwó Yorùbá."

Kí ló burú níbẹ̀? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ló kù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde:

Àbúrò, má da ara rẹ láàmú. Lọ sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka yín, mú prójẹ́ẹ̀tì ọdún tó kọjá, kó o wo bí wọ́n ṣe tò ó: Èròǹgbà Iṣẹ́, Ọgbọ́n Ìwádìí, Tíọ́rì Àmúlò, títí dé Àgbálọgbábọ̀. Tò ó bẹ́ẹ̀. Bí èmi náà ṣe jáde nìyẹn.

Bàbá Olùkọ́:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ kó o mọ̀ pé ẹ̀bi rẹ nìkan kọ́. Àwa la kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ní girama, a máa ń kọ́ yín ní àròkọ oníròyìn, a ń kọ́ yín ní aláṣàpèjúwe, a ń kọ́ yín ní lẹ́tà gbẹ̀fẹ́. Tó bá wá kan alárìíyànjiyàn, a ó ní kí ẹ jiyàn lórí bóyá iṣẹ́ olùkọ́ sàn ju iṣẹ́ dókítà lọ, ẹ ó sì há a sórí: "Alága, ẹ̀yin onídàájọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi." Ohun tó wá dúró lọ́kàn yín ni pé àríyànjiyàn ni kí èèyàn méjì máa pariwo mọ́ ara wọn lórí pèpéle. Mo ti ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó sì ń dùn mí.

Àríyànjiyàn tí alábòójútó rẹ ń béèrè yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìdáhùn ni wọ́n ń wá, ìdáhùn sí ìbéèrè tí èèyàn ọlọ́gbọ́n lè dáhùn lọ́nà mìíràn. Ka ìpínrọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o máa bi ara rẹ ní ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé: ta ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́? "Ẹkún ìyàwó ṣe pàtàkì." Ta ló ní kò ṣe pàtàkì? Kò sí. Kò wá sí ohun tí wàá fi ẹkún mẹ́sàn-án yẹn jẹ́rìí sí, nítorí kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ti mú ìbéèrè wá, o kàn fi í sílẹ̀ lóde iṣẹ́ ni. O ní ìyá àgbà náà sunkún gidi. Wò ó dáadáa. Ọmọbìnrin kì í ṣàdédé sun ẹkún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn tó jù ú lọ. Ó ń lọ láti ilé ẹbí kan sí òmíràn, ó ń sun ún, wọ́n sì ń fún un lẹ́bùn. Ẹkún tí a kọ́ sílẹ̀, tí a fi ń gba ẹ̀bùn, tó sì tún ń mú omijé gidi jáde lójú arúgbó, ẹkún wo nìyẹn? Ìbànújẹ́ ni, àbí àyè ni wọ́n fi fún ọmọ láti sọ ohun tí kò lè la ẹnu sọ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn? Mo mọ àwọn tó máa sọ tibí, mo mọ àwọn tó máa sọ tọ̀hún. Àríyànjiyàn dé nìyẹn.

Máà tíì wá tíọ́rì kankan. Tẹ́tí sí ẹkún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, kó o sì fi sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ẹni tí ìyàwó ń bá sọ̀rọ̀: bàbá, ìyá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyálé, Olódùmarè. Sàmì sí ibi tó ti ń dúpẹ́ àti ibi tó ti ń ráhùn. Lẹ́yìn náà ni kó o tó ṣí ìwé àwọn tó ṣáájú rẹ. Má wulẹ̀ tò wọ́n pé Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dò sọ báyìí. Jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ìwọ náà sì dá sí i: ibo lo bá Lágbájá dé, ibo lo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìlà wo nínú ẹkún rẹ ló mú ọ yà?

Ẹ̀gbọ́n tó ní kó o wo ti ọdún tó kọjá kò parọ́, ìtòlẹ́sẹẹsẹ wúlò. Ṣùgbọ́n àkọlé nìkan lo máa bá níbẹ̀. Ẹkún Màmá àgbà rẹ kò sí nínú prójẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni.

Àti pé kó o dúpẹ́ fún gègé pupa ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Láti 1974 la ti fọwọ́ sí "ayé" àti "yóò". Àmì ohùn sì jẹ́ ara ẹ̀rí rẹ: nínú ẹkún ìyàwó, ọkọ ni ọ̀rọ̀ tí wàá máa bá pàdé jù, bó o bá fi àmì sí i ní ibi tí kò yẹ, ọkọ́ ni wàá kọ, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀.

Ìyá Ìbejì:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ yín kan èmi náà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ń kàwé fún másítà nínú ètò ìlera ará ìlú. Nínú èsè (àròkọ) àkọ́kọ́ tí mo kọ, 48 ni mo gbà, 50 sì ni wọ́n fi ń yege. Wọ́n ní mo kàn ń ṣàpèjúwe ni. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Ohun tí mo kọ ni pé WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí a fi ọmú ìyá nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù 6, mo wá fi ojú ewé mẹ́rin ròyìn àǹfààní ọmú. Àbúrò, wo bó ṣe jọ tìrẹ! Ta ló máa bá mi jiyàn pé ọmú kò dára? Àfi ìgbà tí mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ mi ní Yorùbá nínú ilé ìdáná tí wọ́n bi mí pé, "Ó dáa, kí ló dé tí àbúrò mi obìnrin l'Ékòó fi dá a dúró?" Mo ní torí ó ti padà síbi iṣẹ́ ni. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà là sílẹ̀ fún ìsinmi ìbímọ, a sì tún ń sọ fún ìyá pé oṣù 6. Èsè kejì tí mo kọ nìyẹn: pé a ń dá ìyá lẹ́bi fún ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní 64.

Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ méjì ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan: "Kí lẹ̀rí?" àti "Torí náà ńkọ́?" Ìpínrọ̀ tí kò bá lè dáhùn èkejì, mo ń yọ ọ́ kúrò, bó ti wù kó dùn tó.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ẹkún náà sílẹ̀, ọwọ́ mi wú. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Ìfáàrà tuntun:

"Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ẹkún ìyàwó sí ewì ìdágbére. Iṣẹ́ yìí kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú ẹkún mẹ́sàn-án tí mo gbà sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, ìdágbére ni ìyàwó fi ń bo ẹ̀sùn. Nínú mẹ́fà, ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá kó tó bi í léèrè ìdí tó fi tètè yọ̀ǹda òun. Kò sí èyí tó bi ìyá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo ń jiyàn pé ẹkún ni àṣà fi gba bàbá lọ́wọ́ ìbínú, tó sì fi gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀sùn àìmọ̀wàáhù."

Bàbá Olùkọ́:

Ọmọ mi, o káre. Mo kà á fún ìyàwó mi, wọ́n sì ti ń bá mi jiyàn lórí rẹ̀ láti àárọ̀.

Ohun kan ló kù. Arúgbó ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sun ún fún ọ. Ṣé bí wọ́n ṣe sun ún lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn nìyí, àbí ohun tí ojú wọn rí nílé ọkọ ti wọ inú ẹkún náà? Ẹnì kan máa bi ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò ẹnu. Béèrè lọ́wọ́ wọn, kó o sì kọ ìdáhùn wọn sínú iṣẹ́.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:

Mi ò ronú kan ìyẹn rárá, sà. Mò ń padà lọ sí Ìṣẹ́yìn ní Sátidé. Mo ti pe Màmá àgbà, wọ́n ní kí n tètè dé kí oòrùn tó mú, àti pé ẹkún kan ṣì wà tí wọn ò sun fún mi lọ́jọ́ yẹn torí àwọn ọkùnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.