Ta ló ti bẹ àwọn ará Turkey ní àkànṣe cymbal (àwo idẹ tí onílù ń fi ọ̀pá lù) rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onílù. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, ìlù ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lù. Mo fẹ́ kí àwọn alágbẹ̀dẹ Istanbul fi òòlù lu ride (cymbal ńlá tí a fi ń mú ìlù lọ déédéé) oní-ínṣì 22 fún mi, kó fẹ́lẹ́, kí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ ń han gooro jù. Bí ọ̀pá bá ti kàn án, a ò gbọ́ ohun tí gángan ń wí mọ́, ó sì ń dùn mí gan-an. Idẹ B20 ni mo fẹ́, bàbà 80, tánńganran 20 nínú 100. Ṣé ìwúwo ní gíráàmù ni kí n sọ fún wọn, àbí kí n gba irú ohùn tí mo fẹ́ sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́? Owó kọ́sítọ́ọ̀mù ńkọ́? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.