Ǹjẹ́ ìtàn ìjọ àkọ́kọ́ wúlò fún ìgbàgbọ́ wa lónìí?

Olùkọ́ Kíláàsì Àgbà:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín nínú Olúwa. Mo dábàá fún kíláàsì àwọn àgbà ní ìjọ wa pé kí a ka ìtàn ìjọ láti ẹ̀yìn àwọn àpọ́sítélì títí dé ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní ìlú Nicaea ní ọdún 325. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an gbé Bíbélì wọn sókè, wọ́n ní èyí tó fún àwọn. Mo gbà pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ga jù, síbẹ̀ ọkàn mi kò gbà pé iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ parí síbi tí ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì parí sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ǹ bá sọ fún Bàbá?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹ má bá Bàbá jiyàn. Ìtàn Perpetua, obìnrin tó kú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ni kí ẹ sọ fún wọn. Ọmọ ọdún bíi 22 ni nígbà tí wọ́n mú un ní Carthage, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó sẹ́, ó na ìka sí ìkòkò kan, ó béèrè bóyá a lè fi orúkọ mìíràn pè é yàtọ̀ sí ohun tí ó jẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun kò lè pe ara òun ní nǹkan mìíràn àfi Kristẹni. Wọ́n pa á ní ọdún 203. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà wá bá òun, ẹ̀wọ̀n di ààfin lójú òun. Èmi tí mo ti tọ́mọ, n kò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á.

Alàgbà:
Òótọ́ ni màmá sọ, ṣùgbọ́n Bàbá lè tún béèrè ìlò rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 250, olú-ọba Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ará ilẹ̀ Róòmù rúbọ sí àwọn òrìṣà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti rúbọ; a ti hú mélòó kan nínú ìwé náà jáde ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ní Carthage rúbọ, àwọn mìíràn kò rúbọ ṣùgbọ́n wọ́n fi owó ra ìwé. Nígbà tí ọ̀ràn rọlẹ̀, wọ́n fẹ́ padà sídìí tábìlì Olúwa. Àwọn kan ní kí wọ́n wọlé lójú ẹsẹ̀; Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, ní kí ìjọ má gbà wọ́n mọ́ láé. Ní ọdún 251, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọn kò fi ẹni tó ra ìwé wé ẹni tó rúbọ, wọ́n sì ní kí wọ́n yẹ ọ̀ràn ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Gbogbo wọn ló ń fa ọ̀rọ̀ yọ nínú Ìwé Mímọ́! Ẹni tí àìsàn ọmọ lé dé ilé babaláwo, tó wá ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ojú wo ni a fi ń wò ó? Ìbínú ni a fi ń dájọ́, bí ẹni pé àwa ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ bá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Kí ẹ má sọ àwọn baba wọ̀nyí di aláìlẹ́bi o. Cyprian kan náà bá Stephen, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, fà á gidi lórí bóyá kí a tún ẹni tí àwọn aládàámọ̀ ti rì bọmi rì bọmi. Ẹ tún sọ fún Bàbá pé nínú lẹ́tà tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria ní Íjíbítì, kọ ní ọdún 367 ni a ti rí ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun tí wọ́n gbé sókè yẹn, láìfi kan kún un, láìyọ kan kúrò.

Olùkọ́ Kíláàsì Àgbà:
Ẹ ṣeun, ẹ kò ní ṣàárẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, màá gbé ọ̀ràn ẹni tó ra ìwé ẹ̀rí síwájú Bàbá láì tíì sọ ohun tí Cyprian ṣe, màá sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a fún wa gẹ́gẹ́ bí àgbà, pẹ̀lú Bíbélì wọn lọ́wọ́.