ELISA ní eku mẹ́rin ní antibody hantavirus: ṣé kí n kọ ọ́ síta?

Ṣadé_Pàkúté

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ṣe oyè másítà lórí àwọn eku inú ilé àti ti etí oko. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń dẹ pàkúté ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, tí mo ń gba ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró pamọ́ sínú fíríìsà. Ibà Lassa là ń wá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí ni ọ̀gá mi ní kí n fi hantavirus, fáírọ́ọ̀sì tí eku ń gbé kiri, kún un, torí pé kit ELISA kan wà nílẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ tán (àyẹ̀wò tó ń wá antibody nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe láti fi bá àìsàn jà).

Eku mẹ́rin ni àyẹ̀wò náà sọ pé wọ́n ní antibody rẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mẹ́rin yẹn náà ni. Ọ̀gá ti ń sọ pé òun la máa fi ṣe àkọlé, pé hantavirus ti wà láàárín wa. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti fi bẹ́ẹ̀ kùn mí mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo rí tó ohun téèyàn ń pariwo. Ohun kejì ni pé kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ sanra ju gbogbo èyí tí mo mú lọ, ó gé ìbọ̀wọ́ mi jẹ (ehín ò kan ara, ẹ má bẹ̀rù). Bí fáírọ́ọ̀sì yìí bá ń pa èèyàn bí a ṣe gbọ́ nígbà tí ìyàwó Gene Hackman kú ní 2025, kí ló dé tí kì í pa eku?

Káyọ̀dé_M

Èyí tó gé ìbọ̀wọ́ yín jẹ yẹn, òun gan-an ló yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò. Mo ń ṣeré ni o. Ní tèmi, ẹ gbé e síta. ELISA sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹlẹ́rìí wo lẹ tún ń wá?

Ìyá_Láàbù

Ṣadé ọmọ mi, fara balẹ̀. Káyọ̀dé, ìwọ náà rọra. Bí ẹlẹ́rìí kan bá purọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹlẹ́rìí kan náà ṣì ni.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ó lé ní ogún ọdún tí mo fi jókòó ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ eku. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kejì, torí òun ló la ọ̀nà fún èkíní.

Eku tó bá ni hantavirus kì í ṣàìsàn tó hàn. Wọ́n ti jọ ń gbé tipẹ́, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló sì ní irú eku tirẹ̀. Bó bá ti wọ inú eku, kò ní jáde mọ́ títí eku fi máa kú. Antibody á wà nínú ẹ̀jẹ̀, fáírọ́ọ̀sì á wà nínú ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Á máa bá ìtọ̀, ìgbẹ́ àti itọ́ jáde. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀: lára èèyàn, antibody sábà máa ń sọ pé ìjà ti wáyé, ó sì ti parí. Ìjà ni àwọn eku náà fi ń kó o ran ara wọn ṣá, wọ́n á máa gé ara wọn jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé akọ tó ti dàgbà, tí àpá pọ̀ lára rẹ̀, ni a sábà máa ń bá a. Wo ìwé rẹ, kí o sọ fún mi bóyá akọ ni àwọn mẹ́rin yẹn.

Ohun tó ń pa èèyàn ni bí ara wa ṣe ń gbógun ti àlejò náà kọjá ààlà. Inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló ń sá pamọ́ sí, ogun tí ara bá gbé dìde á sì jẹ́ kí àwọn òpó náà máa jò. Bó bá jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, bíi ti Sin Nombre, ọ̀kan lára àwọn hantavirus, tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní 1993, mímí á di wàhálà láàárín wákàtí díẹ̀. Nínú mẹ́wàá tó bá ní i, bíi mẹ́rin lè kú. Puumala ti Finland, kíndìnrín ló ń bá jà, nínú ọgọ́rùn-ún tó bá ní i, ẹni kan kì í tiẹ̀ pé kú. Ọmọ ìyá ni wọ́n o.

Ó wá kan tìẹ. Ìdahùn mi ni pé má kọ ọ́ síta, kò tíì yá. Torí pé ọmọ ìyá ni wọ́n, antibody tí ọ̀kan bá fà lè lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ṣe láti mú òmíràn. Bí ELISA tìẹ tiẹ̀ sọ òótọ́, ohun tó ń sọ kò ju pé nǹkan kan nínú ìdílé yìí ti kọjá lára eku yẹn. Kò lè dárúkọ rẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lẹ́nu. Kit tó ṣẹ́kù nílẹ̀ yẹn, ti èèyàn ni àbí ti eku?

Ṣadé_Pàkúté

Ẹ ṣeun Mà. Ti èèyàn ni. Àmọ́ a ti yọ conjugate (èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ antibody kí a lè rí i) tó ń mú antibody èèyàn kúrò, a fi èyí tó ń mú ti eku rọ́pò rẹ̀. Ìlà tó ya pọ́sítíìfù sọ́tọ̀, èyí tó wà nínú ìwé kit náà ni mo lò.

Ìyá_Láàbù

Háà! Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí.

Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n fi fa ìlà yẹn. Ìgbà tí o ti pààrọ̀ conjugate, òṣùwọ̀n ti yí padà, ìlà wọn ò wúlò fún ọ mọ́. Wá ẹ̀jẹ̀ eku tí wọ́n tọ́ sínú láàbù, tí ó dá ọ lójú pé kò rí hantavirus rí, kí o ṣe ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí o mú àárín iye wọn, kí o fi ìlọ́po mẹ́ta standard deviation (bí àwọn iye náà ṣe jìnnà sí àárín wọn tó) lé e. Ìlà tìẹ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́rin di méjì. Ó sì ṣeé ṣe kí ó di òdo, kí o má sunkún.

Lẹ́yìn náà, ṣí fíríìsà rẹ. Nígbà ogun Kòríà, láàárín 1950 sí 1953, àwọn ọmọ ogun tó lé ní 3,000 ni ibà kan kọlù, kò sẹ́ni tó rí ohun tó ń fà á. Ó di 1976 kí Lee Ho-wang, onímọ̀ ará Kòríà, tó rí i nínú eku oko kan tó ní ìlà dúdú gbọọrọ lẹ́yìn. Ohun tó ṣe ni pé ó gé ẹ̀dọ̀fóró eku wẹ́wẹ́, ó da omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti bọ́ nínú àìsàn náà lé e, ó wá wo ibi tó tàn. Odò Hantan ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Sangassou, hantavirus tó jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lára eku ní Áfíríkà, ní Guinea ní 2006, PCR (àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ìyẹn RNA) ni wọ́n fi wá a kàn. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn mẹ́rin yẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣe PCR, kí o ka ìlà RNA rẹ̀. Bí o bá mú asín pẹ̀lú, má dà á nù, torí ọdún kan lẹ́yìn Sangassou ni wọ́n kéde òmíràn tí wọ́n rí lára asín ní Guinea yẹn kan náà.

Kí lo fi bo imú nígbà tí ò ń la àwọn eku wọ̀nyí? Má sọ fún mi pé aṣọ ìbòmú lásán.

Dókítà_Ẹranko

Màmá ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ má rò pé eku oko nìkan ló ń ko ewu bá onímọ̀ o. Eku funfun inú láàbù ló kó Seoul virus ran àwọn òṣìṣẹ́ láàbù ní Japan àti Belgium láyé ọjọ́un. Ní 2017 pẹ̀lú, eku tí àwọn èèyàn ń sìn bí ẹran ọ̀sìn ló tan òun kan náà ká ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní ti ológbò àti ajá, a máa ń rí antibody lára wọn, àmọ́ wọn kì í ṣàìsàn.

Èyí tó ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, Andes ti Gúúsù Amẹ́ríkà nìkan ni ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún. Ní Epuyén ní Ajẹntínà, 2018 sí 2019, èèyàn 34 ló mú, 11 sì kú.

Bísí_Oníbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò mọ ELISA o. Ìgbẹ́ eku kún yàrá ìkẹ́rù mi, ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ṣé kí n gbá a?

Dókítà_Ẹranko

Ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀! Eruku tó máa bù sókè lẹ máa fà símú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ fi rẹ gbogbo ìgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó fi tísù nù ún kúrò.

Ṣadé_Pàkúté

Mà, N95 (ìbòmú tó ń dí eruku wẹ́wẹ́ lọ́nà) ni mo lò láti oṣù kẹta. Ṣáájú ìgbà yẹn… ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Inú rẹ̀ ò dùn, àmọ́ ó ti kọ̀wé béèrè ẹ̀jẹ̀ eku láàbù. Mo ti yọ ẹ̀dọ̀fóró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ fún PCR. Mo tún yẹ ìwé mi wò: mẹ́ta jẹ́ akọ, wọ́n kún fún àpá létí àti nírù. Èyí tó gé ìbọ̀wọ́ mi jẹ, abo ni.