Fíìmù wo ló yẹ ọmọ ọdún mẹ́rin?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ Sátidé, òjò ò jẹ́ ká jáde, mo bá fi fíìmù kan sí i fún wọn kí n lè ráyè ká aṣọ. Kátúùnù ni, àwòrán iwájú rẹ̀ dára lójú, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tèwe tàgbà ló lè wò ó. Yàrá kejì ni mo wà tí mo fi gbọ́ igbe. Kí n tó débẹ̀, Kẹ́hìndé ti wọ abẹ́ tábìlì. Ìyá arúgbó kan ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ kan nínú fíìmù náà, àfi bó ṣe di àǹjọ̀nú lójú ẹsẹ̀: ojú rẹ̀ gùn, eyín yọ síta, ohùn rẹ̀ yí padà.

Táíwò ò tiẹ̀ mira, ó ní kí n jẹ́ kóun máa wò ó lọ. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ò dá wọ ilé ìwẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Lánàá mo kun ìpara funfun sójú, bí mo ṣe yọ láti yàrá báyìí, ọmọ náà sá fún mi! Èmi ìyá rẹ̀. Ó ń ké pé, "Ẹ padà di Màámi! Ẹ padà di Màámi!" Ó dùn mí wọra. Mo ti sọ ọ́ títí pé irọ́ ni, pé ẹnì kan ló jókòó tó ya àwòrán yẹn, kò wọ̀ ọ́ létí. Báwo lẹ ṣe ń yan fíìmù fún àwọn kékeré yín? Kí ni mo sì lè ṣe sí ẹ̀rù yìí?

Àǹtí Tíṣà:

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ọdún yìí wá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé kì í ṣe ojo. Ohun tó bà á lẹ́rù gan-an ló máa ń ba àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́rù jù: kí èèyàn wà lójú ẹni kó sì di nǹkan mìíràn.

Wọ́n ti wádìí ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Joanne Cantor ti Yunifásítì Wisconsin àti Glenn Sparks fi ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní The Incredible Hulk han àwọn ọmọdé. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí í máa di òmìrán aláwọ̀ ewé bínú bá ti bí i, á sì fi agbára yẹn gba èèyàn là. Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5, ìgbà tó di òmìrán tán lẹ̀rù bà wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ ìrànlọ́wọ́ ló wá ṣe. Àwọn tó ti tó ọdún 9 sí 11, kó tó yí padà lẹ̀rù ń bà wọ́n, torí wọ́n mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni ewu ń wu ọkùnrin náà. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Ọmọ ńlá ń ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ kékeré, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò: ohun tó burẹ́wà, ohun tó ń bú ramúramù, ohun tó ń yí padà. Tí ẹ bá ní "irọ́ ni", etí lẹ ń bá sọ̀rọ̀, ojú ni ẹ̀rù bà.

Nítorí náà, ẹ fi "irọ́ ni" sílẹ̀ ná, ọmọ tó bá ti dàgbà díẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́ fún. Ẹ gbé Kẹ́hìndé mọ́ra, ẹ fún un ní nǹkan mu, ẹ jẹ́ kí iná ilé ìwẹ̀ wà ní títàn, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi ṣe tán. Ní ti ìpara, ẹ pè é kó wá bá yín jókòó níwájú dígí. Kó rí ojú yín kí ẹ tó kun nǹkan kan. Ẹ fi ìka kan tọ́ ìpara sí góńgó imú nìkan, ẹ nù ún, ẹ tún fi sí i. Kó rí i pé Màámi ò lọ síbì kankan. Tó bá fẹ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ fi kùn yín. Tí kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú un, ọjọ́ mìíràn ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yíyan ló wá kù. Àmì ọjọ́ orí tó wà lára fíìmù dára, èmi náà kì í fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún fíìmù lámì ò mọ Kẹ́hìndé. Ọmọ méjì tí ẹ bí lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní ẹ jẹ́ kóun máa wò ó lọ, èkejì wà lábẹ́ tábìlì. Àmì wo ló fẹ́ bá àwọn méjèèjì mu?

Ẹ sì mọ ohun tí àmì náà ń sọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ BBFC ló ń fún fíìmù lámì. U túmọ̀ sí pé ó yẹ kó bá ẹni tó ti pé ọdún 4 sókè mu. PG ńkọ́? Ọmọ bí ọdún 8 ni wọ́n ní lọ́kàn pé kò yẹ kó da ọkàn rẹ̀ láàmú. Ọ̀pọ̀ wa rí PG, a ní "àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún", a sì gbé e ka iwájú ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, G, tó túmọ̀ sí pé tèwe tàgbà lè wò ó, àti PG, tó ní kí òbí tọ́ ọmọ sọ́nà, lẹ máa rí.

Àmì sì ń yí padà. Watership Down, kátúùnù nípa àwọn ehoro, jáde ní 1978 pẹ̀lú U. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ikú wà níbẹ̀. Ọdún 2022 ni BBFC tó gbé e lọ sí PG. Ọdún 44 ni àmì fi wà lára ẹ̀ pé kò séwu fún ọmọ ọdún mẹ́rin! Torí náà, tí fíìmù bá ti pẹ́, èmi kì í gbára lé àmì rẹ̀ láìwò ó fúnra mi.

Ẹ tún jẹ́ ká yé rò pé kátúùnù àti nǹkan ọmọdé, ìkan náà ni. Ní oṣù Igbe 1988, ilé iṣẹ́ Studio Ghibli ní Japan gbé kátúùnù méjì jáde pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. My Neighbor Totoro ni ọ̀kan, ìṣẹ́jú 86, kò sí òṣìkà kankan nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá àwọn ọmọ náà kàn wà nílé ìwòsàn ni. Èkejì, Grave of the Fireflies, ọmọ ìyá méjì tí ogun sọ di aláìní títí ebi fi pa wọ́n kú ló dá lé. Àgbà ń sunkún tó bá wò ó. Tí ẹ bá wo àwòrán ìta nìkan, ẹ ò ní mọ̀yàtọ̀.

Bùọ̀dá Awakọ̀:

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ní Nẹ́dálándì níbi tí mo wà, àmì tiwa ń jẹ́ Kijkwijzer, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé yàtọ̀ sí ọjọ́ orí, àwòrán kéékèèké wà lára rẹ̀ tó ń sọ ohun tó wà nínú fíìmù. Ìkúùkù dúró fún ìwà ipá. Aláǹtakùn dúró fún ẹ̀rù. Ọmọbìnrin mi ò bìkítà tí wọ́n bá ń lu ara wọn nínú kátúùnù, àmọ́ kò lè fara da ohun tó ń dẹ́rù bà á rárá, nítorí náà aláǹtakùn yẹn ni mo máa ń wá. Tí fíìmù tí ẹ fẹ́ bá ti wọ ibí, ẹ lè wo àmì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi yòówù tẹ́ ẹ wà.

Ọ̀nà tí mò ń gbà nìyí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ táwọn ọmọ ti sùn, mo máa ń wo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà mo fò síwájú sí ibi tó ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin kó parí, torí ibẹ̀ ni ìjà ńlá máa ń wà, tí gbogbo nǹkan á ṣókùnkùn, tí orin á máa dún kíkankíkan. Tí ibi méjèèjì bá tẹ́ mi lọ́rùn, ó kù díẹ̀ kó yẹ. Kò gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

Àǹtí Tíṣà:

Bùọ̀dá, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń pa òbí. Finding Nemo, 2003: orúkọ fíìmù ò tíì hàn tán tí ẹja ńlá kan fi gbé ìyá àti gbogbo ẹyin rẹ̀ lọ, ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù. U ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, G ni ní Amẹ́ríkà. Ti kìnnìún tó jáde ní 1994, tí ọmọ dùbúlẹ̀ ti òkú bàbá rẹ̀, àmì kan náà ló ní. Ní 2014, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n fi kátúùnù ọmọdé 45 wé fíìmù àgbà 90. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kátúùnù náà ni ẹni pàtàkì ti kú lójú àwòrán. Ti àwọn àgbà, bí ìdajì. Èmi ò ní kí ẹ sá fún ikú nínú fíìmù títí ayé o. Fíìmù dáadáa lè ran ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ lọ́wọ́ láti béèrè ohun tó ti ń dá rò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ wà ní yàrá kejì, kò yẹ kó dá nìkan bá ikú ìyá pàdé.

Nǹkan kan tó kù: ohùn. Ẹ dín ohùn kù. Lọ́pọ̀ ìgbà orin ló ń dẹ́rù ba ọmọ ju àwòrán lọ. Nílé ẹ̀kọ́ wa, tí mo bá ti rí i pé èjìká ọmọ ti ń sún sókè sí etí, mo kàn máa tẹ rìmóòtù ni, èjìká á sọ̀ kalẹ̀. Èjìká ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá Kékeré:

Ẹ fi tèmi kún un, kò gùn. Lórí Netflix, ẹ ṣí ààyè tàwọn ọmọdé fún wọn lọ́tọ̀, ẹ yan ọjọ́ orí, ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ti tiyín. Ẹ lè dí fíìmù kan pàtó mọ́ wọn. Ẹ sì pa èyí tó ń mú kí òmíràn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí fíìmù kan di mẹ́ta. Ní ti YouTube, ẹ ṣọ́ra gidi. Ní 2017 ni gbogbo ayé rí i pé àwọn kan ń fi àwọn ẹni inú kátúùnù táwọn ọmọ mọ̀ ṣe fídíò burúkú. Lórí YouTube Kids, ẹ lè ṣe é kó jẹ́ pé ohun tí ẹ̀yin fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n á rí. Èyí tí mo ṣe nìyẹn, ọkàn mi sì balẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé WHO sì sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 ò gbọdọ̀ jókòó ti nǹkan àwòrán ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, pé bó bá ṣe kéré sí i ló ṣe dáa sí i. Èmi máa ń pín fíìmù sí ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kejì, mo máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ibi tá a bá a dé fún mi ní Yorùbá ká tó tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́ "ó fara pamọ́" àti "wọ́n ń lé e". Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo ṣe fún un tó wọlé tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣe ti dígí yẹn láàárọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ ó di ojú. Nígbà kẹta ó fi ìka kan ìpara, ó fi sí imú mi, ó tún fi sí imú tiẹ̀, ó wo dígí, ó ní, "Kẹ́hìndé ṣì ni." Omi bọ́ lójú mi. Ilé ìwẹ̀ ṣì kù, ṣùgbọ́n lónìí ó wọlé bí mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìbéèrè méjì ló kù. Wọ́n pè wá sí ilé sinimá fún ọjọ́ ìbí ọmọ kan, ṣé kí n gbé wọn lọ? Ìkejì, Táíwò ò yé béèrè pé báwo ni ti ìyá arúgbó yẹn ṣe parí.

Bùọ̀dá Awakọ̀:

Ìyá wa, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé sinimá bóyá wọ́n ní ìgbà tí wọ́n máa ń fi iná díẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń dín ohùn kù, tí ọmọ lè dìde rìn. Nítorí àwọn ọmọ tó ní autism (ọpọlọ wọn ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀, ariwo sì lè tètè ni wọ́n lára) ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà lé ọmọ mìíràn. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ gba àga tó wà létí ọ̀nà, ẹ mú ohun tí wọ́n fi ń bo etí nítorí ariwo dání, kí ẹ sì wọlé lẹ́yìn tí ìpolówó àwọn fíìmù tó ń bọ̀ bá ti kọjá. Àwọn ìpolówó yẹn máa ń pariwo. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé kí ẹ tó kúrò nílé pé tó bá fọwọ́ tẹ ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa jáde. Tó bá sì tẹ̀ ẹ́, ẹ jáde lóòótọ́, kódà bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó parí.

Àǹtí Tíṣà:

Ẹ jẹ́ kí Táíwò wò ó parí, ó tọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí Kẹ́hìndé bá ti jáde ni o, kí ẹ sì jókòó tì í. Aṣọ kíká lè dúró.