"Amọ̀lára" kọ́ ni sensor: ẹ wo iṣẹ́ Clark kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ

Láti Kábà:

Ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ̀pà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ lánàá pé "amọ̀lára" ni ká máa pe sensor, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan bí ooru tàbí ọ́síjìn. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tó ní ara ló ń mọ nǹkan lára.

Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Leland Clark (1918–2005), ará Amẹ́ríkà, ni ká fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Ní 1956 ló gbé irinṣẹ́ tó ń wọn ọ́síjìn jáde. Plátínọ́ọ̀mù àti fàdákà jọ wà nínú omi iyọ̀, ọ̀rá fẹ́lẹ́ bíi láílọ́ọ̀nù bò wọ́n lẹ́nu, iná tí kò tó fólítì kan wà láàárín wọn. Ọ́síjìn á gba ara ọ̀rá wọlé, plátínọ́ọ̀mù á sì jẹ ẹ́. Bó bá ṣe jẹ ẹ́ tó ni iná tó ń ṣàn ṣe máa pọ̀ tó. Ní 1962, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Champ Lyons fi ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú kí ìyípadà yára nínú ohun abẹ̀mí) sí i lẹ́nu láti fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ bi àwọn tó ń fi irú rẹ̀ wọn omi ẹja. Bí o bá tì í bọ omi tí o ò mì ín, iye tó ń fi hàn á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi kò bàjẹ́ o! Ọ́síjìn tó wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an ló ti jẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá sì há sábẹ́ ọ̀rá nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ omi iyọ̀, iye á máa fò sókè sódò.

"Atọ́wò" ló yẹ sensor. Ẹni tó bu ọbẹ̀ tọ́ wò ti dín ọbẹ̀ kù nínú ìkòkò, bí irinṣẹ́ yìí ṣe ń dín ọ́síjìn kù. Ẹ sì di ohùn òkè yẹn mú: "tọ̀" tó wà nínú "ìtọ̀" àti "àtọ̀gbẹ", ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Èsì láti Mọ̀pà:

Àbúrò, o ṣeun, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọn ooru ńkọ́? Kí ni ìyẹn jẹ? Ọmọ kan ṣoṣo lo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo ilé.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ, "a" tó ṣáájú "tọ́wò", pàápàá kò dá mi lójú. "Àyẹ̀wò", "àfiwé": ohùn ìsàlẹ̀, ìṣe náà ni. "Apẹja", "akọ̀wé": ohùn àárín, ẹni tó ń ṣe é ni. Bí a kò bá fi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá irinṣẹ́ lò ń pè tàbí títọ́wò fúnra rẹ̀? Àwọn àgbà olùkọ́ ìgbà kan kò ní gbà á wọlé bẹ́ẹ̀.

Láti Kábà:

Ẹ̀gbọ́n, àwọn àgbà yẹn kan náà ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. "Amọ̀lára" tiyín ńkọ́, ṣé òun kò nílò àmì ni?