Ìyá àgbà kan ní mo pe ọmọ òun lọ́mọ ọ̀bọ, kí ni kí n sọ ní mítíìnì òbí lọ́jọ́ Ẹtì?

Àǹtí Bàọ́lọ́jì, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á, ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná Mọ́ńdè.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí ní sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni kan níbí, ọdún kẹfà mi rèé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo kọ́ àwọn SS3 ní ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì WAEC, ó wà nínú ti JAMB, kì í ṣe pé èmi ni mo lọ wá a wá. Mo ṣàlàyé èrò Lamarck àti ti Darwin, àwọn onísáyẹ́ǹsì àtijọ́ méjì tó kọ̀wé nípa ẹ̀, mo ya igi ẹbí sójú bọ́ọ̀dù, mo ní èèyàn àti ìnàkí ní baba ńlá kan náà láyé àtijọ́. Kíláàsì yẹn dùn gan-an, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè títí agogo fi lù. Àṣé Táyé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì tó wà ní kíláàsì yẹn, délé ó ní "Ìyá àgbà, àǹtí wa ní ọ̀bọ ló bí wa."

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni ìyá àgbà dé tàwọn tọ̀pá, àbúrò wọn ọkùnrin ló tẹ̀ lé wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò dáhùn. Wọ́n ní bàbá àwọn ṣiṣẹ́ igi gẹdú lábẹ́ òyìnbó kan nínú igbó wa yìí kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, òyìnbó yẹn a máa pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ní ọ̀bọ, a máa ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n ṣà á, bàbá wọn ò sì gbàgbé ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Wọ́n wá wò mí lójú, wọ́n ní, "Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ wa, ìwọ lo wá ń sọ fún ọmọ ọmọ mi pé òótọ́ ni òyìnbó yẹn sọ?" Omi bọ́ lójú wọn. Ó bọ́ lójú èmi náà.

Mo fẹ́ ṣàlàyé, gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde lẹ́nu mi. Ohun tí mo ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò rí Yorùbá tí mo lè fi sọ ọ́ fún àgbàlagbà tí kò ní dà bí èébú.

Ẹni tó ni ilé ìwé ní kí n kàn tọrọ àforíjì níwájú gbogbo òbí lọ́jọ́ Ẹtì, kí n sì ní mi ò ní kọ́ ọ mọ́. Àforíjì fún ẹkún ìyá àgbà, tọkàntọkàn ni màá fi tọrọ ìyẹn. Àmọ́ kí n dìde kí n ní irọ́ ni mo kọ́ àwọn ọmọ, mi ò lè ṣe é, torí pé kì í ṣe irọ́, àwọn ọmọ ọ̀hún sì ń lọ kọ WAEC. Ẹ bá mi dá sí i. Mo mọ ohun tí wọ́n máa bi mí: tó bá jẹ́ ara ọ̀bọ la ti wá, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà? Kí ló dé tí èyí tó wà nínú igbó Omo ò tíì di èèyàn?

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Mo kọ́ bàọ́lọ́jì títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ̀sùn yìí kan èmi náà rí.

Gbólóhùn yẹn gan-an, "ara ọ̀bọ la ti wá", òun ni wàhálà, torí pé sáyẹ́ǹsì ò sọ bẹ́ẹ̀. Má sọ̀rọ̀ ẹni tó bíni, ọ̀rọ̀ ẹbí ni kó o sọ. Bi wọ́n léèrè agbo ilé tiwọn. Baba ńlá kan bí ọmọ méjì, ọ̀kan dúró sílé, èkejì kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọmọ ń bí ọmọ, tará Ẹ̀pẹ́ ń pẹja tará ilé ń roko, nígbà tó yá wọn ò da ara wọn mọ̀ mọ́. Ṣé ẹnì kan lè sọ pé ará Ẹ̀pẹ́ ló bí ará ilé ni? Ṣé ẹnì kan á wá béèrè pé nígbà tí ará ilé ti wà, kí ni ará Ẹ̀pẹ́ tún ń wá láyé? Bí ọ̀rọ̀ àwa àti ìnàkí ṣe rí nìyẹn. Ó tó mílíọ̀nù 6 sí 7 ọdún tí ọ̀nà wa ti yà. Baba ńlá tá a jọ ní kì í ṣe èèyàn, kì í sì í ṣe irú ìnàkí tá à ń rí lónìí, ìnàkí náà ti ń yí padà ní tiẹ̀ látìgbà yẹn. Ọ̀bọ onírù tiẹ̀ tún jìnnà sí wa ju ìyẹn lọ, ó ju mílíọ̀nù 20 ọdún lọ.

Kí wọ́n lè mọ bó ṣe pẹ́ tó, fi Ẹrẹ́dò Sùǹgbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa, ṣe àpèjúwe. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ẹrẹ́dò pẹ́, ó tó nǹkan bí 1,000 ọdún. Ka iye ọdún yẹn lọ́nà 6,000 kó o tó dé ibi tí àwa àti ìnàkí ti pínyà. Ta ló fẹ́ jókòó sí J4 nínú igbó Omo máa ṣọ́ ìnàkí bóyá ó máa yí padà?

Ọmọ Ọdẹ, J4

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ọdẹ ni bàbá mi nínú igbó Omo yìí. Òyìnbó lè da gbogbo ẹ̀ pọ̀, Yorùbá ò dà á pọ̀, ọ̀bọ lọ́tọ̀, ẹdun lọ́tọ̀, àáyá lọ́tọ̀, ìnàkí lọ́tọ̀. Àwọn tó kù yẹn ní ìrù, ìnàkí ò ní. Àwa náà ò ní, egungun kékeré ló kù sí wa nídìí. Ìnàkí máa ń ṣẹ́ ewé tẹ́ ibùsùn sórí igi lálaalẹ́, ọmọ ẹ̀ kì í kúrò lẹ́yìn ìyá ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ọjọ́ tí bàbá mi rí ọwọ́ ẹ̀ nítòsí, ìka márùn-ún, èékánná pẹlẹbẹ, ìlà àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní àwọn ò yìnbọn sí i mọ́ láyé. Wọn ò sì yìnbọn sí i mọ́ lóòótọ́.

Ó ti ṣọ̀wọ́n báyìí o, wọ́n ti gé igi tán. Látọdún 1977 ni UNESCO ti kọ orúkọ igbó yẹn sílẹ̀ pé ó yẹ ní títọ́jú. Ó ń dùn mí pé tá a bá fẹ́ búni la máa ń rántí ẹranko yìí, a kì í rántí ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé igbó ẹ̀.

Ará Ìkẹ́nẹ́

Èmi ò gbà o, ẹ má bínú. Erùpẹ̀ ni Ọlọ́run fi mọ Ádámù. Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀, Kùránì náà sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò fi ìyẹn kọ́ wọn? Wọ́n ṣáà ní tíọ́rì ni, tíọ́rì sì ni ohun tí èèyàn kàn rò.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nẹ́, mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bíi tiyín, mi ò sì ní ba ìgbàgbọ́ yín jẹ́. Àmọ́ tíọ́rì tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń sọ kì í ṣe àbá lásán. Pé kòkòrò tójú ò rí ló ń fa àìsàn, tíọ́rì lòun náà, òun la sì fi ń fọ ọwọ́ ní wọ́ọ̀dù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa ni kí àǹtí fi ṣàlàyé. Gbogbo òbí tó bá wá lọ́jọ́ Ẹtì ló mọ jínótáìpù. Kí ló dé tí AS fi pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé nínú èèyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS? Ibà ni. Ibà tó ń pa ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ tó jẹ́ AS gbé ṣe. Láyé àtijọ́ tí kò sí oògùn, ọmọ AA ń kú nítorí ibà, ọmọ SS ń kú nítorí àìsàn tiẹ̀, ọmọ AS ló ń dàgbà tó ń bímọ jù, ìyẹn ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Kò sẹ́ni tó sùn ní AA tó jí ní AS. Ẹnì kan kì í yí padà, àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé ara wọn ló ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni kòkòrò ibà ṣe mọ kulorokúìnì lára, ìjọba fi yí oògùn padà lọ́dún 2005. Ẹfolúṣọ̀n náà nìyẹn, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

O ṣé Nọ́ọ̀sì. Kí n fi ti Lamarck kún un, ibẹ̀ làwọn ọmọ máa ń ṣìnà nínú ìdánwò. Lamarck rò pé ohun tí èèyàn fara ṣe láyé ẹ̀ lọmọ ẹ̀ máa jogún. Ẹ wo ilà ojú. Àwọn baba wa kọ ilà láti ìran dé ìran, síbẹ̀ kò sí ọmọ tí wọ́n bí tòun ti ilà rí, àfi kí wọ́n pe olóólà. Àpẹẹrẹ tó rọrùn nìyẹn.

Ọmọ Ìjọ Àgùdà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nẹ́, póòpù John Paul Kejì sọ lọ́dún 1996 pé ẹfolúṣọ̀n ti kọjá àbá lásán, wọn ò sì tìtorí ẹ̀ sọ pé kò sí Ọlọ́run. Ọmọ yín lè kọ ìdáhùn WAEC kó sì gbàdúrà alẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìpẹru

Èmi ò mọ sáyẹ́ǹsì, àmọ́ mo bí ìbejì, èmi àti ìyá yẹn jọ ń ki oríkì kan náà ni. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré lórí igi. Àràárọ̀ ni mo fi ń jí wọn, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Nílé ọkọ mi wọn kì í jẹ ẹdun torí tìbejì. Òun náà á ti máa pe Táyé àti Kẹ́hìndé lọ́mọ ẹdun látìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yìn, kò sì pè é léèébú. Ẹranko yẹn kọ́ ló bí i nínú. Ẹnu òyìnbó tó ti jáde ló bí i nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akíọ́lọ́jì, Òdógbolú

Ma, ẹ ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ni kí àǹtí dáhùn kó tó sọ̀rọ̀ ọ̀bọ rárá.

Ìyá àgbà ò ṣi inú bí. Lọ́dún 1906, ní New York, wọ́n mú ọmọkùnrin kan láti Kóńgò, Ota Benga lorúkọ ẹ̀, wọ́n fi sínú ilé ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko Bronx kí èrò máa wá wò ó. Èèyàn o. Àwọn kan nígbà yẹn ń sọ pé sáyẹ́ǹsì ló ní èèyàn dúdú sún mọ́ ìnàkí ju òyìnbó lọ. Irọ́ pátápátá ni, ẹ kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù fún wọn. Gbogbo èèyàn ayé, ọmọ Ìjẹ̀bú o, ọmọ London o, ọmọ Ṣáínà o, ọ̀gbọọgba la jìnnà sí ìnàkí, torí pé ẹyọ ẹ̀ka kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà lórí igi yẹn. Nígbà tí wọ́n ka DNA ìnàkí, ìyẹn àbùdá inú ara tí wọ́n ń kà bíi lẹ́tà, tán lọ́dún 2005, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèèyàn, ibi tí lẹ́tà àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ fi díẹ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Láàárín èèyàn méjì, wọ́n ì báà jẹ́ ta ni, bí ìdá 1 nínú 1,000 ni.

Àwòrán yẹn náà tó máa ń wà nínú ìwé, ọ̀bọ tó tẹ̀, tó ń nà díẹ̀díẹ̀, tó di ọkùnrin tó dúró ṣánṣán, ẹ fà á ya tó bá ṣeé ṣe. Ó ń mú kí ọmọdé rò pé àkàbà ni, pé ẹnì kan wà lókè ẹnì kan wà nísàlẹ̀. Igi ni, kì í ṣe àkàbà. Ìgbà kan wà tí oríṣiríṣi èèyàn jọ wà láyé, àwọn Neanderthal ní Yúróòpù wà títí di nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn.

Ilẹ̀ wa sì ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Darwin fúnra ẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 1871 pé ó jọ pé Áfíríkà làwọn baba ńlá wa gbé, ọ̀pọ̀ òyìnbó ò fẹ́ gbọ́. Lọ́dún 1974 ni wọ́n hú egungun àtijọ́ kan tí wọ́n sọ ní Lucy ní Etiópíà, ó ti ń fẹsẹ̀ méjì rìn ní mílíọ̀nù 3.2 ọdún sẹ́yìn. Egungun irú àwa gan-an tó pẹ́ jù tí wọ́n rí, Mòrókò ló wà, bí 300,000 ọdún. Kódà nítòsí wa níbí, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nínú ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú, wọ́n hú egungun èèyàn lọ́dún 1965, ó lé ní 10,000 ọdún, orí ẹ̀ sì jọ tàwọn tó ti wà tipẹ́tipẹ́ ju tiwa lọ. Ẹ sọ fún ìyá àgbà pé baba ńlá òyìnbó tó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ yẹn, Áfíríkà ló ti wá.

Ará Ìkẹ́nẹ́

Mi ò tíì gbà gbogbo ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ti ọmọ Kóńgò yẹn dùn mí gan-an. Kí àǹtí má tọrọ àforíjì pé òun kọ́ṣẹ́ òun.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Má dúró de ọjọ́ Ẹtì. Lọ bá wọn nílé, ìwọ nìkan, lọ́wọ́ alẹ́. Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Bàbá wọn ni kó o kọ́kọ́ béèrè.

Àǹtí Bàọ́lọ́jì, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣé gan-an ni. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ rèé, ilé wọn ni mo ti ń bọ̀. Mo bi wọ́n nípa bàbá wọn bí Tíṣà Àgbà ṣe wí, wọ́n sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, mi ò dá wọn lẹ́nu. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo sọ ti ará ilé àti ará Ẹ̀pẹ́, mo ní mi ò sọ pé ọ̀bọ ló bí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé orí ẹdun, wọ́n fúnra wọn ló ki oríkì yẹn parí.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Òyìnbó bàbá mi yẹn ńkọ́, òun náà, ṣé ẹbí ìnàkí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ma, bí tiwa gẹ́lẹ́, kò fi ọ̀kan dín.

Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la, àwọn fẹ́ jókòó síwájú, wọ́n sì ní ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ kí n tó sọ ohunkóhun míì.