Ìkọ́ṣẹ́ ìgbà ìsinmi ní ẹ̀ka báńkì tó ń yá iléeṣẹ́ ńlá lówó: ohun tó yẹ kí a mọ̀ ṣáájú

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Báńkì ńlá kan ti gbà mí fún ìkọ́ṣẹ́ ní ìgbà ìsinmi tó ń bọ̀, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní corporate banking. Ìmọ̀ ìṣirò ni mò ń kà ní yunifásítì, n kò sì kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé owó iléeṣẹ́ rí. Irú iṣẹ́ wo ni wọn yóò gbé fún mi, kí ni ó sì yẹ kí n ti kà kí ọjọ́ ìwọlé tó pé?

Èsì akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe é

O kú oríire, àbúrò mi. Ìgbà ìsinmi tó kọjá ni èmi ṣe irú ìkọ́ṣẹ́ yìí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ: ẹni tó yáni lówó kì í báni pín èrè. Bí iléeṣẹ́ tí báńkì yá lówó bá dàgbà di ìlọ́po mẹ́wàá, èlé tí wọ́n jọ fẹnu kò sí náà ni báńkì yóò gbà. Bí ó bá sì wó, odindi owó náà lè lọ. Ìdí nìyí tí gbogbo ìbéèrè tí àwọn ọ̀gá ń bi mí fi ń padà síbì kan náà: níbo ni owó tí wọn yóò fi san gbèsè yìí yóò ti wá, báwo ni yóò sì ti rí bí ọdún kan bá burú? Ó pẹ́ kí àwọn akẹgbẹ́ mi tó wá pẹ̀lú èrò àtimáa sọ iye tí ṣíà yóò tà lọ́la tó mọwọ́ iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ni kíka ìwé owó ọdọọdún àwọn oníbàárà, kíkó iye inú rẹ̀ sínú Excel ní ìlànà báńkì, àti kíkọ apá kan nínú ìwé àbá tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ń kà kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó. Ìwọ yóò máa gbọ́ EBITDA ní gbogbo ìgbà, ìyẹn èrè iléeṣẹ́ kí a tó yọ èlé, owó orí àti iye tí dúkìá ń dín lọ́dọọdún nítorí gbígbó. Má ṣe jẹ́ kí ó tàn ọ́. Iléeṣẹ́ lè tajà púpọ̀, kí EBITDA rẹ̀ sì ga, síbẹ̀ kí owó má sí lápò rẹ̀, nítorí pé àwọn tó rajà kò tíì san, tàbí pé owó ti há sínú ọjà tó wà nílé ìkẹ́rùsí, tàbí pé ẹ̀rọ tó ti gbó ń fẹ́ àrọ́pò. Máa tọ ipa owó náà láti orí èrè títí dé ibi tó ti wọ àpò ní tòótọ́.

Kọ́ bí a ṣe ń wọn àyè tó ṣẹ́kù kí iléeṣẹ́ tó rú àdéhùn pẹ̀lú. Ká ní gbèsè iléeṣẹ́ kan jẹ́ 300 mílíọ̀nù, tí EBITDA rẹ̀ sì jẹ́ 100 mílíọ̀nù, gbèsè náà jẹ́ ìlọ́po 3. Bí covenant, ìyẹn ìlérí tí iléeṣẹ́ ṣe fún báńkì nínú àdéhùn, bá ní gbèsè kò gbọdọ̀ kọjá ìlọ́po 3.5, àyè náà lè dà bí èyí tó fẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n bí EBITDA bá fi lè já wálẹ̀ sí nǹkan bí 86 mílíọ̀nù, ìdínkù tí kò tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, àyè ti tán nìyẹn. Wá wo ọdún tó burú jù tí iléeṣẹ́ náà ti rí, kí o mọ̀ bóyá ó ti já tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá mi kì í gbà kí n kọ ọ́ pé ewu kò pọ̀ láìsí irú ìṣirò yìí nídìí rẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ kí n kọ ojú ìwé tí mo ti rí iye kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú àwọn àdéhùn àtijọ́, ìwọ yóò ṣì rí LIBOR, ìyẹn ìwọ̀n èlé tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ fún ìṣirò èlé ẹ̀yáwó tẹ́lẹ̀. Àwọn báńkì ṣíwọ́ fífi iye sílẹ̀ fún ti dọ́là lẹ́yìn 30 oṣù Kẹfà 2023; ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní SOFR ni wọ́n ń lò báyìí fún dọ́là, SONIA sì ni ti pọ́n-ùn.

Èsì ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ewu ẹ̀yáwó

Àbúrò tó ṣáájú mi ti là á yé wa dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, nítorí èmi wà lára àwọn tó ń ka ìwé àbá wọ̀nyẹn kí owó tó jáde.

Èlé nìkan kọ́ ni báńkì ń wò. Iléeṣẹ́ tó lágbára kì í san èlé púpọ̀, nítorí báńkì tó fẹ́ yá a lówó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà Basel, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún báńkì, ń béèrè pé kí báńkì ní owó tirẹ̀ nílẹ̀, kódà fún ẹ̀yáwó tó ti ṣèlérí tí oníbàárà kò tíì gbà. Ohun tó ń mú un pé ni àwọn iṣẹ́ mìíràn tí oníbàárà ń gbé wá: ṣíṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè, ètò gbígba owó àti sísan owó lójoojúmọ́, àti letter of credit fún òwò òkèèrè, ìyẹn ìwé tí báńkì fi ń ṣèlérí láti sanwó fún ẹni tó tajà bí ó bá kó ìwé tó tọ́ wá. Lórí èyí tó kẹ́yìn, ka UCP 600, ìlànà International Chamber of Commerce tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Keje 2007. Ìwé ni báńkì ń yẹ̀ wò níbẹ̀, kì í ṣe ẹrù; bí ìwé kò bá bá ohun tí a kọ mu, báńkì lè kọ̀ láti sanwó, bí ẹrù tilẹ̀ ti gúnlẹ̀ láìlábùkù.

Ka ìtàn bí oníbàárà ti ń sanwó sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ṣe ń rò ó.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ ra òmíràn lè wá yáwó kí ìròyìn náà tó jáde, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ti mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ra ṣíà tàbí láti sọ ọ́ fún ẹni tí yóò rà á. Má dárúkọ oníbàárà nínú lífíìtì, má fi fáìlì ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ torí pé o fẹ́ parí iṣẹ́ nílé, má sì kó ìwé wọn sínú ẹ̀rọ AI tí báńkì kò fọwọ́ sí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun, báwo ni wọ́n ṣe ń yan ẹni tí wọn yóò pè padà fún iṣẹ́, kí ni kí n sì ṣe nípa ìwé àṣẹ ìgbélùú?

Èsì akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe é

Má dúró de ọjọ́ ìkẹyìn kí o tó béèrè ohun tí wọ́n rò nípa iṣẹ́ rẹ. Béèrè láàárín méjì, kí àyè ṣì wà láti ṣàtúnṣe, kí o sì rí i pé ju ọ̀gá kan lọ ló ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí wọn yóò pè.

Ní ti ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fi ààlà sí wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì lè fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Fún àwọn tó wà ní ìpele máásítà, tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, yunifásítì lè má ka àkókò náà sí ìsinmi rárá. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì tó sọ ọjọ́ tí ìsinmi rẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí o tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbà ọ́ bóyá báńkì náà ń ṣe onígbọ̀wọ́ ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún ẹni tí wọ́n bá pè padà, kí o lè mọ̀ láti ìsinsìnyí bóyá kí o máa kọ̀wé sí ibòmíràn pẹ̀lú.